Ọjọ́ Tí Òógùn Àsímáwù Tán

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Èmi Rẹ̀mí, ìyá Túnmiṣe, ni mo da omi garawa mẹ́rin sí Àsímáwù lára ní Japara, àdúgbò wa, lọ́sàn-án gangan, lójú gbogbo ayé. Wọ́n ń sọ ọ́ káàkiri Ìjẹ̀bú-Igbó pé ìlara ló ń dà mí láàmú. Ìlara wà níbẹ̀ lóòótọ́, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ìlara kọ́ ló da omi.

Àwa méjèèjì la jọ ń yan gàrí lábẹ́ àtíbàbà kan láti ọdún mọ́kànlá. Agbada tirẹ̀ wà lápá ọ̀tún, tèmi wà lápá òsì, bí mo bá na ọwọ́, mo lè fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. Ó fi ọdún mẹ́sàn-án jù mí lọ, nítorí náà ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é lójú rẹ̀. Ohun tí mo ń pè é lẹ́yìn, ẹ fi sílẹ̀ fún mi.

Ẹni tó bá ti jókòó ti agbada rí mọ ohun tí ojú ń rí níbẹ̀. Iná igi lábẹ́, èéfín lójú, páànù lókè orí tí oòrùn ti ń yan láti àárọ̀. Èmi a máa làágùn. Mo máa ń so táwẹ́ẹ̀lì mọ́ iwájú orí, kó tó di aago mẹ́sàn-án, mo ti fún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àwọn oníbàárà á wá láti Òrù, wọ́n á wò mí, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín: "Ìyá Túnmiṣe, gàrí tiyín yìí ò tún nílò iyọ̀ mọ́ o, ẹ ti fi sí i." Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kọjá lọ sọ́dọ̀ Àsímáwù. Àsímáwù ní tirẹ̀ kì í làágùn. Òógùn lè ta sí i lára díẹ̀ ní ìdájí, àmọ́ bó bá ti di ọ̀sán, iwájú orí rẹ̀ á gbẹ, abẹ́ apá rẹ̀ á gbẹ. Wọ́n ní Ọlọ́run ló fi ta á lọ́rẹ. Títí dé Àgọ́-Ìwòyè ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n sí Àsímáwù-kì-í-làágùn.

Òfin kan wà lábẹ́ àtíbàbà náà tí a bá níbẹ̀. Àwọn ìyá wa ló fi lélẹ̀ pé ẹni tó bá ti jókòó ti agbada kò gbọdọ̀ mumi títí yóò fi kó gàrí tó kẹ́yìn kúrò. Wọ́n ní omi tí o bá mu ni yóò jáde ní òógùn, òógùn náà ni yóò kán sínú gàrí, gàrí tó bá sì ti mu òógùn, kò ní pẹ́ bu. Gàrí Ìjẹ̀bú rèé, tí ẹni tó ń lọ sílùú òyìnbó ń dì sínú àpótí. Ó gbọ́dọ̀ kan, ó gbọ́dọ̀ gbẹ.

Èmi kì í pa òfin yẹn mọ́. Píọ̀ wọ́tà mi máa ń wà lábẹ́ aṣọ. Màá yíjú sẹ́yìn bí ẹni tí ikọ́ fẹ́ wú, kí ikọ́ tó tán, mo ti fa ọ̀rá kan gbẹ. Àsímáwù ní tirẹ̀ kò ní fi ẹnu kan omi láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ má sọ pé ààwẹ̀ ni o. Ààwẹ̀ ti parí, wọ́n ti ṣọdún, èmi ọmọ Mẹ́tọ́díìsì gan-an jẹ nínú ẹran rẹ̀. Agídí ni, àti orúkọ tó ti ní.

Bẹ́ẹ̀ la wà tí Àlàájì Bàdírù fi dé. Abígi ló ti wá, létí omi lọ́hùn-ún, ó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó gàrí lọ fún àwọn apẹja. Ó ní ẹnì kan ṣoṣo lòun fẹ́ máa rà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìsinsìnyí lọ. Ó ní òun á padà wá ní Ọjọ́bọ̀, òun á wo bí kálukú ṣe ń yan tirẹ̀, òun á sì mú ẹni tó bá wu òun. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni mo ti ń gbọ́ Àsímáwù-kì-í-làágùn. Mo fẹ́ kí Àlàájì yẹn mú èmi débi pé oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú Ọjọ́bọ̀ náà, Àdúràgbèmí ọmọ Àsímáwù wálé. Ó ń kàwé ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, bí ara ọmọ ènìyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ ló ń kọ́, ọdún yìí ló sì máa parí. Ó mú tẹmómítà dání. Ó ní àwa tí à ń yan gàrí lòun fẹ́ kọ ìwé àṣekẹ́yìn òun lé lórí. Ó fi sí wa lẹ́nu kí a tó jókòó ti iná, ó tún fi sí wa lẹ́nu nígbà tó di ọ̀sán. Tèmi fi díẹ̀ lé ní mẹ́tàdínlógójì. Ti ìyá rẹ̀ kọjá méjìdínlógójì àbọ̀. Ọmọ náà wò ó, ó gbọn nǹkan náà, ó tún un wò.

"Màámi, ìgbà wo lẹ mumi kẹ́yìn?"

"Àná," ni Àsímáwù wí. Ó ń ro gàrí lọ ní tirẹ̀.

Àdúrà wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín wa. Ó ní nísàlẹ̀ ọpọlọ, ohun kan wà níbẹ̀ tí kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ, òun ló ń tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò tọ̀sán-tòru. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti gbóná jù, á ní kí awọ tú òógùn jáde, òógùn tó bá sì gbẹ lára ló ń gbé ooru lọ. Bí omi ara bá dín kù, tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ki, tó ń níyọ̀ jù, ohun kan náà yìí ló ń mú kí òǹgbẹ gbẹ èèyàn, òun ló tún ń ránṣẹ́ sí kíndìnrín pé kó má ṣe fi omi ṣòfò.

"Tí èèyàn ò bá wá mumi síbẹ̀síbẹ̀ ńkọ́?" Èmi ni mo bi í. Ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí lára.

Ó kọjú sí ìyá rẹ̀. "Màámi, ẹ rántí ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún yẹn, tó jẹ́ pé kẹ́ẹ̀gì omi kan ló kù nínú ilé. Kí lẹ sọ fún wa?"

"Mo ní kẹ́nikẹ́ni má fọṣọ. Mímu ni."

"Ohun tí ọpọlọ yín ń ṣe nìyẹn. Ìwọ̀nba omi tó kù, ẹ̀jẹ̀ ló ń fi í pamọ́ fún. Ó ń sọ fún awọ pé kó má làágùn mọ́. Ó mọ̀ pé ara á gbóná sí i, ó gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ó sàn kí ara gbóná ju kí ẹ̀jẹ̀ gbẹ lọ. Ṣùgbọ́n ooru tí kò rọ́nà jáde, inú ló ń kóra jọ sí, bó bá pọ̀ jù, orí ló ń bàjẹ́. Ẹ̀bùn kọ́, Màámi. Omi yín ló ń tán."

Ẹ̀yin ará mi, inú mi dùn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé mo dìde jó. Òógùn tí wọ́n ti fi ń ṣe mí yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ yìí, àṣé ọpọlọ mi ló ń ṣiṣẹ́. Mo ní, "Àdúrà, ṣé bí mo ṣe ń làágùn yìí, orí mi pé nìyẹn?" Ó ní ó pé dáadáa. Mo kígbe sí Ànúolúwa tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn àtíbàbà pé kó wá gbọ́ o, ọpọlọ tèmi ń ṣiṣẹ́, ti àwọn kan ló ń ṣọ́ omi lò.

Àsímáwù pòṣé. "Gàrí tí òógùn kò kán sí ni mo fi rán ọ nílé ìwé. Òun lo wá fi ń bú mi níwájú Rẹ̀mí."

Kí ọmọ náà tó lọ, ó fà mí sẹ́yìn igi máńgòrò. Omi ti lé ròrò sí i lójú. "Àǹtí Rẹ̀mí, ẹ bá mi ṣọ́ wọn. Tí ẹ bá rí i pé òógùn wọn tán pátápátá, tí ara wọn gbóná tó sì gbẹ, tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ń ṣì, ikú ló ń kan ilẹ̀kùn yẹn. Ẹ pè mí lójú ẹsẹ̀." Mo ní mo gbọ́. Mo búra fún un.

Ọjọ́bọ̀ dé. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Àsímáwù ti ń yan gàrí fún ojú Àlàájì, ìdájí ló sì jókòó lọ́jọ́ náà. Oòrùn ọjọ́ yẹn kì í ṣe oòrùn ẹlẹ́ran ara, kò sí atẹ́gùn, ewé kankan ò mì. Nígbà tó di aago mẹ́wàá, mo yí ojú wò ó. Bùbá rẹ̀ gbẹ. Ibi abẹ́ apá, tó yẹ kó tutù, iyọ̀ ti là á ní funfun funfun. Ètè rẹ̀ ti sán.

Mo rí i. Mo mọ ohun tí mo rí. Èrò tó sọ sí mi lọ́kàn ni pé bó bá rẹ̀ ẹ́, á dìde lọ sílé, Àlàájì á dé, á bá èmi nìkan. Mo yíjú sẹ́yìn, mo wú ikọ́ mi, mo mu omi mi, mo ń bá gàrí mi lọ. Ẹ bú mi bó ṣe wù yín, mo ti bú ara mi ṣáájú yín.

Ó ku díẹ̀ kí ó lu aago méjìlá nígbà tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ bá mi ti fèrèsé yẹn. Òtútù ń mú mi."

Kò sí fèrèsé lábẹ́ àtíbàbà. Mo wo agbada rẹ̀. Kò sí gàrí kankan nínú rẹ̀. Agbada òfìfo ló ń rò, ó ń rò ó, ó ń rò ó, igbá ń ha irin. Mo fò dìde, mo fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó gbóná débi pé mo yára fa ọwọ́ padà, ọwọ́ mi sì gbẹ bí mo ṣe gbé e lọ. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi Rẹ̀mí ni." Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ìyá mi, ẹ ti dé láti oko?" Ìyá rẹ̀ ti kú láti ogún ọdún.

Ànúolúwa ti sáré dé. Ọmọ dáadáa ni, ẹ má bínú sí i. Nílé wa níbí, ẹni tí ara rẹ̀ gbóná tí òtútù sì ń mú, ibà ló ń ṣe é, kò sí ẹni tó ń bi ẹnì kejì léèrè. Kí n tó la ẹnu, ó ti gbé aṣọ ìbora nípọn bo Àsímáwù lórí bo ẹsẹ̀, ó ń pariwo pé kí wọ́n gbé àgbo kaná kí àwọn fi ooru rẹ̀ tù ú.

Mo pe Àdúrà. Fóònù ò lọ. Mo tún un pè, kò lọ, ẹ mọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa ṣe ń ṣe. Mo wá tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí i: "Oogun iya e ti tan. Tete maa bo."

Ìdáhùn dé kíákíá. Mo gbé fóònù sójú. "E ma seyonu Anti. Mo fe wo idanwo. Maa ra a wa ni irole."

Rà á? Inú bí mi débi pé mo fẹ́ sọ fóònù mọ́lẹ̀. Ta ló ń ta òógùn? Ọjà wo ni wọ́n ti ń tà á? Ìyá rẹ ń kú lọ, o ní o fẹ́ ra kí ni? Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ojú mi wá bọ́ sára báàgì Àsímáwù tó fi kọ́ sára òpó, níbi tí ọ̀rá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ti yọ orí síta.

Àsímáwù kò mọ̀wé. Èmi ni mo máa ń bá a kọ̀wé sí ọmọ rẹ̀. Lóṣooṣù, bí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bá ti tán, èmi kan náà, fóònù kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà: Oogun iya e ti tan. Àdúrà á sì dáhùn pé òun á rà á wá. Oògùn ló kà. Òógùn ni mo kọ. Fóònù mi kò ní àmì ohùn, kò mọ èyí tí ń ṣàn lára yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń gbé mì.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ ọ́ tí kò ní ṣì í kà? Aṣọ ìbora ń mì níbi tí Àsímáwù ti ń gbọ̀n lábẹ́ rẹ̀. Orúkọ tí ìlú sọ ọ́ ló bọ́ sí mi lórí, orúkọ tí mo kórìíra láti ọdún mọ́kànlá. Mo tẹ̀ ẹ́: "Iya e KO LAAGUN MO. Ara e gbona o gbe. O n pe mi ni iya re to ku."

N kò tíì gbé ọwọ́ kúrò tí fóònù fi ké. Lọ́tẹ̀ yìí ó wọlé.

"Ẹ ká aṣọ kúrò lára wọn." Mo ń gbọ́ bó ṣe ń sáré, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dún lórí àtẹ̀gùn. "Àǹtí, ẹ gbé wọn kúrò nídìí iná. Ẹ má fi tipá da omi sí wọn lẹ́nu, orí wọn ò pé, ó lè lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Òde ara ni. Ẹ da omi sí wọn lára, ẹ máa fẹ́ wọn, ẹ má dúró. Òógùn tí ara wọn ò lè ṣe mọ́, ẹ bá wọn ṣe é."

Ẹ bá wọn ṣe é. Gbólóhùn yẹn kò kúrò létí mi títí di òní.

Mo fa aṣọ ìbora yọ. Ànúolúwa dì í mú. "Ìyá Túnmiṣe, ẹni tí òtútù ń mú lẹ fẹ́ da omi sí? Ẹ fẹ́ pa wọ́n?" Mo ní, "Òtútù irọ́ ni. Ọpọlọ rẹ̀ ni kò mọ ohun tó ń sọ mọ́." Mo já aṣọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo já igbá gbà lọ́wọ́ Àsímáwù, nítorí kò fẹ́ jọ̀wọ́ igbá. Mo ki í mọ́ra láti ẹ̀yìn, mo fà á dé abẹ́ máńgòrò. Dúrọ́ọ̀mù omi tí a fi ń fọ ẹ̀gẹ́ wà níbẹ̀, ó kún. Mo bu garawa àkọ́kọ́, mo dà á sí i láti èjìká wá sísàlẹ̀. Ó kígbe. Mo bu ìkejì.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọkọ̀ Àlàájì Bàdírù dúró. Ó sọ̀kalẹ̀ nínú aṣọ funfun, ó bá mi tí mo gbé garawa lókè, tí Àsímáwù wà nílẹ̀, tí Ànúolúwa ń sunkún. "Ẹ̀yin ìyá," ó ní, "ṣé nítorí gàrí tèmi lẹ ṣe ń ja irú ìjà báyìí?"

"Àlàájì, ìjà kọ́. Ẹ gba abẹ̀bẹ̀ yìí, ẹ máa fẹ́ ẹ."

Àlàájì gba abẹ̀bẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun náà, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ iná mi fẹ́ ẹ. Mo tú táwẹ́ẹ̀lì orí mi, mo rì í bọ omi, mo fi bo ọrùn Àsímáwù, mo tún rì í bọ omi, mo fi sí i lábíyá. Mo da ìkẹta. Nígbà tí mo da ìkẹrin, ó la ojú, ó wò mí dáadáa.

"Rẹ̀mí," ó ní, "kí ló dé tí o fi ń da omi sí mi lára?"

Rẹ̀mí ló pè mí. N kò tíì gbọ́ orúkọ mi kó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo bú sẹ́kún, mo tún ń rẹ́rìn-ín.

Ọkọ̀ Àlàájì la fi gbé e dé ilé ìwòsàn, gbogbo gíláàsì ọkọ̀ ní ṣíṣí, tí mo ń fi táwẹ́ẹ̀lì fún omi sí i lára lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn gbogbo omi yẹn, ìgbóná ara rẹ̀ ṣì kọjá mọ́kàndínlógójì. Nọ́ọ̀sì bi wá pé ta ló kọ́ wa láti da omi sí i. Ó ní ká ní inú aṣọ ìbora la gbé e wá, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ. Wọ́n fa omi sí i lára.

Àdúrà dé lórí ọ̀kadà, erùpẹ̀ ọ̀nà Òrù bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, báírò ìdánwò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Ìdánwò ńkọ́?" Ó ní ìdánwò á tún padà wá. Ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú.

A jókòó tì í. Ọ̀rá omi àkọ́kọ́ tán, wọ́n so ìkejì kọ́. Iwájú orí rẹ̀ ni mo tẹjú mọ́, kò sí ẹni tó ní kí n wò ó. Ó pẹ́. Lójijì mo rí nǹkan kan tó ń dán níbi tí irun ti bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé omi garawa ni. Mo fi ìka nù ún, ó tún yọ. Òmíràn yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òmíràn tún yọ, wọ́n pàdé, wọ́n ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ lọ.

"Àdúrà, dìde. Wá wo òógùn."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Omi ti dé inú ẹ̀jẹ̀," ó ní. "Ọpọlọ ti mọ̀. Ó ti gbà kí wọ́n fọṣọ." Àwa méjèèjì dì mọ́ra wa, à ń rẹ́rìn-ín bí aṣiwèrè, títí nọ́ọ̀sì fi ní kí a jáde bí a kò bá lè dákẹ́. Àlàájì tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà náà wọlé wá wo òógùn. Ìyẹn tó wá mú ẹni tí kì í làágùn.

Ìgbà tí ara rọlẹ̀ tán ni Àdúrà kúnlẹ̀ fún mi. "Àǹtí Rẹ̀mí, ẹ ṣeun. Ẹ tètè rí i."

Ó yẹ kí n gba ọpẹ́ kí n dákẹ́. Ta ni ì bá mọ̀? Ṣùgbọ́n ọmọ náà wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń wò mí lójú.

"N kò tètè," mo ní. "Dìde. Aago mẹ́wàá ni mo ti rí i. Mo ní kó rẹ̀ ẹ́, kó kúrò níbẹ̀ kí Àlàájì tó dé. Mo ti rí i láti aago mẹ́wàá."

Ọmọ náà kò dìde, kò sì wò mí mọ́. Mo nawọ́ mú táwẹ́ẹ̀lì mi pé kí n máa lọ.

Ohùn Àsímáwù ló wá láti orí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì. "Mo mọ̀. Mo rí ọ bí o ṣe wò mí. Òǹgbẹ ti ń gbẹ mí láti aago mẹ́jọ, Rẹ̀mí, ọ̀fun mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ là. Mo ní bí mo bá mumi, ìwọ lo máa kọ́kọ́ rí mi." Ó gbé itọ́ mì. "Ọdún mọ́kànlá ni mo sì ti ń rí píọ̀ wọ́tà abẹ́ aṣọ rẹ. O rò pé mo gba ikọ́ yẹn gbọ́?"

Nọ́ọ̀sì ní ó ti lè máa fẹnu mumi díẹ̀díẹ̀. Àdúrà gbé ife fún un. Ó mu ìdajì, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, kò nù ún. Ó wá na ife náà sí mi.

"Mu," ó ní. "Jẹ́ kí n rí ọ."

Mo gba ife. Mo mu ún níwájú rẹ̀, n kò yíjú sẹ́yìn.